Ìṣòdì Ara Lára Ológbò: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìtọ́jú Awọ Ara Ẹran Ọ̀sìn

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí ènìyàn kò bá mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ìtọ́jú rẹ̀ kì í tọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nípa àìsàn awọ ara tí ó sábà máa ń ṣe ológbò. Ológbò kì í ṣe àjèjì ní ìlú Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó ń kó àgbàdo, ẹ̀wà tàbí èlùbọ́ pamọ́ nílò rẹ̀ nítorí eku. Mùsùlùmí pọ̀ ní ìlú náà láti ìgbà tí Tìmì Abíbù Lágúnjú ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀sìn yìí kò sì ka ológbò sí ohun àìmọ́ tí ó yẹ kí a lé jáde. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò ní eku kankan nílé, tí ó jẹ́ pé ìfẹ́ ẹran náà nìkan ni wọ́n fi ń sìn ín.

Bí irú ológbò bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí họ ara, tí irun rẹ̀ sì ń tán, oríṣiríṣi orúkọ ni àwọn ará ilé máa ń pe ohun tí ó ń ṣe é. Ẹnìkan a ní kúrúnà ni; òmíràn a ní làpálàpá ni; ẹlòmíràn a ní ìdọ̀tí ni ó fà á, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ líle. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìtọ́jú tí ó ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó pè é ní kúrúnà yóò wá oògùn apakòkòrò. Bí ó bá sì jẹ́ oògùn tí wọ́n ṣe fún ajá ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́, ológbò náà lè kú. Báyìí ni àṣìpè orúkọ ṣe ń di àṣìlò oògùn.

Ìmọ̀ nípa àìsàn yìí kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹranko, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ olùkọ́ àti atúmọ̀ ni ó kù sí kí ìmọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹran. Iṣẹ́ yìí yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ wò, ó dábàá àwọn tí ó lè ṣiṣẹ́, ó sì fi wọ́n ṣàlàyé àìsàn náà àti ìtọ́jú rẹ̀, kí ó lè hàn bóyá wọ́n lè ru ẹrù tí a fẹ́ kí wọ́n rù.

2.0 Ibi tí iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí dé

Kì í ṣe òní ni ó ti hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ wúlò fún ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣègùn ẹranko kò sí lára ohun tí ó gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń tọ̀. Èkíní ni fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lójú. Èkejì ni ṣíṣe àpèjúwe ohun tí nǹkan náà jẹ́ tàbí iṣẹ́ tí ó ń ṣe, bí a ti rí i nínú amúlétutù àti asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀kẹta ni kíkan ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni yíyá ọ̀rọ̀ lò láti inú èdè mìíràn, kí a sì fún un ní ohùn Yorùbá, bí i sẹ́ẹ̀lì. Ó tún yẹ kí a fi kún un pé kí atúmọ̀ tó dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn ń wí. Ẹdẹ ní àpẹẹrẹ rere nínú èyí. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, jẹ́ onílù, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ìyáàlù, kẹríkẹrì, gúdúgúdú: orúkọ tí àwọn onílù ń pè wọ́n ni àwọn onímọ̀ gbà wọlé, kò sì sí ẹni tí ó ní láti dá òmíràn sílẹ̀.

3.0 Ohun tí àìsàn náà jẹ́

Ara ènìyàn àti ti ẹranko ní ètò ààbò tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Ètò yìí máa ń dá ohun tí ó jẹ́ ti ara mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò, á sì ṣe ohun ìjà tí ó bá àlejò kọ̀ọ̀kan mu. Ohun ìjà yìí ni iṣẹ́ yìí pè ní èròjà agbèjà. Lára ológbò kan, ètò ààbò yìí lè ṣì í mú. Ó lè ka ohun tí kò lè pa á lára, bí itọ́ kòkòrò kékeré tàbí ẹja tí ó ń jẹ lójoojúmọ́, sí ọ̀tá. Nígbà àkọ́kọ́ tí nǹkan náà dé, ológbò kò ní mọ ohunkóhun lára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń pèsè èròjà agbèjà dè é. Èròjà wọ̀nyí á lọ dúró sára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ó wà nínú awọ ara. Inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kún fún àpò wẹ́wẹ́, nítorí náà a lè pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì aláàpò. Bí nǹkan náà bá tún padà dé, àwọn àpò náà á tú, hísítámìnì àti àwọn èròjà mìíràn tí ó wà nínú wọn á dà sínú awọ. Awọ á pọ́n, á wú, á sì máa yún ológbò kíkankíkan.

Clemens von Pirquet, dókítà ọmọdé kan ní ilẹ̀ Austria, ni ó fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní orúkọ ní 1906. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó kàn pọ̀: ọ̀kan túmọ̀ sí «òmíràn», èkejì túmọ̀ sí «iṣẹ́». Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé ara ti yí ìṣesí rẹ̀ padà sí nǹkan tí ó ti bá pàdé rí. Ó yẹ kí atúmọ̀ fi kókó yìí sọ́kàn: ọwọ́ ara fúnra rẹ̀ ni ìyà náà ti wá. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀, kò sí májèlé, kì í sì í ràn.

4.0 Yíyan orúkọ fún àìsàn náà

4.1 Èèwọ̀ ara. Àwọn ènìyàn kan máa ń sọ pé «edé jẹ́ èèwọ̀ fún ara mi». Ọ̀rọ̀ yìí ní agbára, nítorí ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ẹnìkan lè jẹ́ oúnjẹ aládùúgbò rẹ̀, ọ̀nà tí èèwọ̀ sì ń gbà dáàbò bo ni ni pé kí a yẹra fún un. Méjèèjì jẹ́ òtítọ́ nípa àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n òfin ìdílé tàbí ti òrìṣà ni èèwọ̀. Ó ti wà kí a tó bí ọmọ, ẹni tí ó bá rú u sì ti dẹ́ṣẹ̀. Àìsàn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ológbò lè jẹ ẹja fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Bí a bá pè é ní èèwọ̀, onílé lè máa wá ẹni tí ó ṣẹ̀ dípò ohun tí ó fà á.

4.2 Àìbáramu. Èyí wá láti inú gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ń lò: «kò bá mi lára mu». Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù. Wàrà màlúù kì í bá ọ̀pọ̀ ológbò tí ó ti dàgbà lára mu, nítorí pé ikùn wọn kò lè da ṣúgà inú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni ó máa ń fà. Ètò ààbò ara kò lọ́wọ́ sí ìyẹn. Ó dára kí a fi àìbáramu sílẹ̀ fún irú ọ̀ràn ikùn bẹ́ẹ̀, kí a wá òmíràn fún ti ètò ààbò.

4.3 Àléjì. Àyálò ni èyí, ó sì ti wọ ẹnu àwọn ará ìlú. Kò sí ẹ̀bi nínú lílò ó lẹ́nu. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí, kò sì rọrùn láti bí ọ̀rọ̀ mìíràn láti inú rẹ̀.

4.4 Ìṣòdì ara. Èyí ni iṣẹ́ yìí dábàá. Òdì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láti ṣòdì sí nǹkan ni láti dojú ìjà kọ ọ́. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti mú un wọ etí gbogbo ènìyàn nípa lílo aṣòdì sí Kristi. Ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé ara ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nǹkan tí ó wọlé. Ó sì ń bímọ. Ohun tí ó mú kí ara ṣòdì ni amáraṣòdì, tí a ṣẹ̀dá gẹ́gẹ́ bí amúlétutù: a-mú-ara-ṣòdì. Ológbò tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe jẹ́ ológbò aláìsàn ìṣòdì.

4.5 Ìlò «sí». Ìṣọ́ra kan wà tí atúmọ̀ kò gbọdọ̀ fojú fò. Bí a bá kọ «ìṣòdì ológbò» lásán, ìtumọ̀ méjì ni ó ní. Ó lè jẹ́ pé ara ológbò ni ó ń ṣòdì; ó sì lè jẹ́ pé ara ènìyàn ni ó ń ṣòdì sí ológbò, tí ó ń sín, tí ojú rẹ̀ sì ń yún un, nítorí èròjà kan tí ó wà nínú itọ́ ológbò àti nínú awọ rẹ̀. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, dókítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ó ni wọ́n. Nítorí náà, kí a máa dárúkọ ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣòdì ṣáájú «sí», kí a sì dárúkọ amáraṣòdì lẹ́yìn rẹ̀: ìṣòdì ara ológbò sí ẹja, ìṣòdì ara ènìyàn sí ológbò.

5.0 Orúkọ àwọn amáraṣòdì

5.1 Iná afò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn amáraṣòdì ológbò ni itọ́ kòkòrò kékeré kan tí ń fò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ctenocephalides felis. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, eégbọn ni gbogbo ohun tí ó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ṣùgbọ́n eégbọn gidi ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kì í fò, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara títí yóò fi yó. Iná, bí i iná orí, ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, òun náà kì í fò. Kòkòrò tí à ń wí yìí ní ẹsẹ̀ mẹ́fà bí iná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó sì lè fò jìnnà. Iná afò ni ó bá a mu jù. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò rò pé iná tí a fi ń dáná ni, kí ó rántí pé iná orí kò tíì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ni ìgbé-ayé kòkòrò náà. Eégbọn máa ń hàn sójú. Iná afò kì í dúró kí a rí i, ológbò tí ara ń yún á sì máa lá ara rẹ̀ títí yóò fi gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn mì. Abo iná afò lè yé ẹyin 40 sí 50 lójúmọ́. Àwọn ẹyin náà kì í dúró lára ẹran. Ẹní, ibùsùn àti kọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ń jábọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìdin wọn ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń hun àpò bo ara rẹ̀, tí ó lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí ó wà lára ẹran kò ju díẹ̀ lọ nínú gbogbo èyí tí ó wà nínú ilé. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Yorùbá bá a lára mu, nítorí náà kò ní ìgbà ìsinmi nínú ọdún bí ó ti ní ní ilẹ̀ olótùútù. Lára ológbò tí ara rẹ̀ ń ṣòdì, ìgéjẹ díẹ̀ tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

5.2 Ẹ̀fọn. Ara àwọn ológbò kan ń ṣòdì sí itọ́ ẹ̀fọn. Egbò àti èépá á yọ ní orí igi imú àti ní etí, níbi tí irun kò ti nípọn. Ó máa ń le nígbà òjò, ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìlú bí Ẹdẹ, tí odò Ọ̀ṣun àti odò Erinlẹ̀ wà nítòsí rẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí kún àpẹẹrẹ rẹ̀.

5.3 Oúnjẹ. Ẹran màlúù, ẹja àti adìẹ wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń bá nídìí ìṣòdì oúnjẹ lára ológbò. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ẹja, tí gbogbo ayé mọ̀ sí oúnjẹ ológbò, wà nínú wọn. Kì í ṣe pé ẹja náà bàjẹ́. Oúnjẹ tí ológbò ń jẹ jù ni ara rẹ̀ ní àǹfààní jù láti kọ.

5.4 Ohun inú afẹ́fẹ́ àti eruku. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó, olú wẹ́wẹ́ tí ń hù ní ibi ọ̀rinrin, àti kòkòrò tí ojú kò lè rí tí ń gbé inú eruku ilé wà nínú ìsọ̀rí yìí. Eruku ọyẹ́ lè mú awọ gbẹ, ṣùgbọ́n gbígbẹ awọ kì í ṣe ìṣòdì. Kí olùkọ́ má ṣe pa méjèèjì pọ̀.

6.0 Àwọn àmì

Lára ológbò, amáraṣòdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè fa àmì kan náà, amáraṣòdì kan sì lè fa àmì púpọ̀. Mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ ń kà.

Èkíní ni kí ológbò máa fi èékánná họ orí àti ọrùn rẹ̀ títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Èkejì ni lílá irun tán. Ológbò á máa fi ahọ́n rẹ̀ tí ó rí háragbá lá ikùn, itan àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí irun ibẹ̀ yóò fi gé mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, onílé á sì rò pé irun náà ń já fúnra rẹ̀. «Irun jíjá» kò tọ̀nà fún èyí. Lílá-irun-tán ni kí a pè é. Ẹ̀kẹta ni èépá wẹ́wẹ́ tí ó fọ́n ká ẹ̀yìn àti ìdí ìrù, tí ó máa ń kan ọwọ́ bí ẹni fọwọ́ pa hóró jéró. Jéró náà ni orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ ní èdè Látìn. Nítorí náà èépá jéró jẹ́ ìperí tí ó bá ti àtijọ́ àti ojú ìwòye mu. Ẹ̀kẹrin ni egbò ètè òkè, tàbí awọ pupa tí ó wú ga tí ó sì rin, ní ikùn tàbí ní inú itan.

7.0 Ìyàtọ̀ láàárín ìṣòdì, kúrúnà àti làpálàpá

Kúrúnà jẹ́ iṣẹ́ kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń gbẹ́ inú awọ. Làpálàpá jẹ́ iṣẹ́ olú tí ojú kò lè rí. Méjèèjì ń ràn. Làpálàpá ara ológbò, pàápàá, máa ń ran àwọn ọmọdé tí ń gbé e mọ́ra. Ìṣòdì kì í ràn rárá. Ìyàtọ̀ yìí nìkan tó ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi orúkọ kan pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹni tí ó pe làpálàpá ní ìṣòdì yóò fi ọmọ rẹ̀ sínú ewu, ẹni tí ó sì pe ìṣòdì ní kúrúnà lè lé ẹran tí kò ní ohun búburú kan lára jáde kúrò nílé.

Ojú nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dókítà ẹranko á gé irun díẹ̀, á ha awọ díẹ̀, á sì fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó kí ó tó sọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò kan wà tí onílé lè ṣe fúnra rẹ̀ nípa iná afò. Kí ó fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ìdí ìrù ológbò, kí ó gbọn ohun tí ó bá jáde sórí bébà funfun tí ó tutù. Bí àwọn ẹ̀gún dúdú kéékèèké bá wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tú àwọ̀ pupa sílẹ̀ lórí bébà náà, ìgbẹ́ iná afò ni: ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dà nínú rẹ̀ ni ó pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì rí nǹkan, èyí kò fi hàn pé iná afò kò sí, nítorí ológbò lè ti lá gbogbo rẹ̀ tán.

8.0 Ìtọ́jú: ìwòsàn àti ìkápá

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí atúmọ̀ bá yàn ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Yorùbá ní «wo àìsàn sàn», ó sì ní «ká àìsàn lápá kò». Ìṣòdì kì í sábà ní ìwòsàn. Ìkápá ni ó ní. Onílé tí a bá sọ fún pé oògùn yìí «yóò wò ó sàn» yóò dá a dúró ní ọjọ́ tí yíyún bá rọlẹ̀, yóò sì pe dókítà ní elékèé nígbà tí ó bá tún padà dé. Ẹni tí a bá sọ fún pé ìkápá ni, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni.

8.1 Ìkápá iná afò ni ó máa ń ṣáájú. Gbogbo ajá àti ológbò ilé náà ni a ó lo oògùn fún, pẹ̀lú èyí tí kò họ ara, kí a sì máa lò ó jálẹ̀ ọdún. Kí a máa gbá ilé, kí a máa fọ ibi tí ológbò ń sùn, kí a sì máa sá a sóòrùn. Ó ń gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èyí tí ó wà nínú àpò tó tán nínú ilé. Oògùn tí dókítà ẹranko bá ní ti ológbò ni nìkan ni kí a lò. Permethrin, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ajá, jẹ́ májèlé fún ológbò, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní agbára tí ti ajá ní láti tú u ká. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n ọ́n, gìrì á mú un, ó sì lè kú.

8.2 Ìdánwò oúnjẹ ń gba ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. A ó fún ológbò ní ẹran kan tí kò jẹ rí, bí i ehoro, láìfi ohun mìíràn kún un. Bí yíyún bá dẹ̀, a ó tún fún un ní oúnjẹ àtijọ́. Bí yíyún bá sì padà, a ti mọ amáraṣòdì náà. Ní agbo ilé, níbi tí ọmọdé àti àgbà ti ń sọ eegun ẹja sílẹ̀ fún ológbò, ẹnìkan ṣoṣo tí kò gbọ́ lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ jẹ́. Nítorí náà gbogbo ilé ni a ó sọ fún, kì í ṣe onílé nìkan. Kí a má sì ṣe febi pa ológbò nítorí pé ó kọ oúnjẹ tuntun: àìjẹun fún ọjọ́ mélòó kan lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Kí a má sì fi àmàlà àti ọbẹ̀ nìkan rọ́pò ẹran, nítorí èròjà kan wà tí ń jẹ́ tọ́rínì, tí ojú àti ọkàn ológbò kò lè ṣe láìní, inú ẹran ni ó sì wà.

8.3 Ológbò tí ara rẹ̀ ń ṣòdì sí ẹ̀fọn ni a ó máa mú wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, nínú ilé tí ó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé.

8.4 Oògùn tí ń dá yíyún dúró wà lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Prednisolone ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́ ní ìwọ̀n púpọ̀, ó lè fa àtọ̀gbẹ. Kò sì yẹ kí a dá a dúró lójijì lẹ́yìn tí a ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́. Ciclosporin ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fi agbára rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ó wúlò fún àwọn tí ìkápá wọn yóò pẹ́. Bí kòkòrò àrùn bá ti wọ ojú egbò, a ó kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

8.5 Àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe. Ohun gbogbo tí a bá fi pa ológbò lára ni yóò lá. Nítorí náà epo kẹrosíìnì, epo ọkọ̀, àti omi apakòkòrò tí ó ní fínọ́ọ̀lì, tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ń ti ara rẹ̀ wọ ikùn rẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù, tí ó wà nínú gbogbo ilé, ń pa ológbò. Hóró kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀. Ìpara ènìyàn pẹ̀lú kò yẹ fún un, àfi bí dókítà ẹranko bá pàṣẹ rẹ̀.

9.0 Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Ìṣòdì ara: ìjà tí ètò ààbò ara ń bá ohun tí kò lè pa á lára jà.
Amáraṣòdì: ohun tí ara ń ṣòdì sí.
Àìbáramu: kí oúnjẹ má bá ikùn mu, láìsí ọwọ́ ètò ààbò níbẹ̀.
Èròjà agbèjà: ohun ìjà tí ètò ààbò ń ṣe fún àlejò kọ̀ọ̀kan.
Sẹ́ẹ̀lì aláàpò: sẹ́ẹ̀lì inú awọ tí hísítámìnì kún inú àpò rẹ̀.
Iná afò: kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran.
Lílá-irun-tán: kí ológbò máa fi ahọ́n gé irun ara rẹ̀.
Èépá jéró: èépá wẹ́wẹ́ tí ó fọ́n ká awọ.
Ìdánwò oúnjẹ: fífún ẹran ní oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo láti mọ èyí tí ara rẹ̀ kọ̀.
Ìkápá: dídí àìsàn lọ́wọ́ láìpa á run pátápátá.

10.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, mẹ́ta ni ó wúwo jù: ìṣòdì, tí ó sọ pé ara ni ó ń jà, amáraṣòdì, tí ó sọ pé ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ wá rí, àti ìkápá, tí ó sọ pé iṣẹ́ náà kò parí lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko, ó sì ti mọ ìdí tí igò oògùn ajá kò fi gbọdọ̀ súnmọ́ ológbò rẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀-ìperí tí ó fìdí múlẹ̀ nípa àṣẹ ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó kù sí ọwọ́ àwọn olùkọ́ láti gbé wọn lọ sí iyàrá ìkọ́ni, sí ọwọ́ àwọn atúmọ̀ láti fi wọ́n sínú ìwé pélébé tí ń bá oògùn ẹran rìn, àti sí ọwọ́ àwọn oníròyìn rédíò láti sọ wọ́n ní ohùn tí ìyá tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Tìmì lè gbọ́. Èyí tí àwọn ará ọjà bá gbà ni yóò dúró. Èyí tí wọ́n bá yí padà, kí àwọn onímọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti mú kúrúnà, làpálàpá àti ìṣòdì padà sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.